Ọwọ́ Kékeré Lẹ́yìn Ẹ́ńjìnnì

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin sọ pé òun máa ta ọkọ̀ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ nígbà náà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ojú mi ń ríran, etí mi ń gbọ́ràn, orúnkún mi nìkan ló máa ń ráhùn díẹ̀ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Àgùdà.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọmọdé. Tòkúnbọ̀ ni, ó ti sin àwọn kan lókè òkun fún ọdún púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nínú owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo ti rà á, mo sì ń tọ́jú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń tọ́jú kíláàsì mi. Ohun gbogbo ló ní àyè tirẹ̀: ìwé ọkọ̀ nínú àpò kan, tọ́ọ̀ṣì nínú òmíràn, aṣọ ìnugíláàsì lábẹ́ ìjókòó. Àwọn aládùúgbò a máa sọ pé tí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, èèyàn lè bu oúnjẹ sórí ẹ́ńjìnnì ibẹ̀ kó sì jẹ ẹ́. Inú mi máa ń dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ṣì máa padà sí i.

Ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì sí mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo máa ń wà á lọ sí Ìpọ̀nrí láti gbé ẹ̀gbọ́n mi kan jáde. Kì í ṣe pé ìyá kan náà ló bí wa. Ilé-ìwé kan ní Sùúrùlérè la ti jọ ṣe olùkọ́ fún ọdún méjìdínlógún, ó sì fi ọdún méje jù mí lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e dáadáa mọ́. Kò lè gun bọ́ọ̀sì, kò sì gbà kí awakọ̀ tí òun kò mọ̀ rí gbé òun jáde. Ṣùgbọ́n ó lè fi ọ̀pá rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ rẹ̀ dé ìjókòó iwájú ọkọ̀ mi, tí mo ti máa ń tì sẹ́yìn dè é.

Ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé wa àtijọ́ la máa ń lọ. Mo máa ń páàkì sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà létí ògiri, a ó yí gíláàsì wálẹ̀, a ó sì máa tẹ́tí sí àwọn ọmọ. Tó bá ń lọ sí agogo méjìlá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìsọdipúpọ̀ ní ohùn rara. Bí wọ́n bá kọsẹ̀ níbi méje lọ́nà mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n mi á fi ìka lu dáṣíbọọ̀dù, á ní kí wọ́n padà sẹ́yìn, àfi bíi pé wọ́n ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà a ó ra búrẹ́dì, mo sì máa ń dá a padà sílé kí agogo méjì tó lù. Òun nìkan ni ìjáde tó ní láàárín ọ̀sẹ̀.

Àárín oṣù Ògún, ìgbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀, ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Á máa lọ dáadáa fún bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà á kú lójijì. Àwọn ọkọ̀ mìíràn tó bá fẹ́ kú máa ń wúkọ́ ná, wọ́n á gbọ̀n, wọ́n á ṣe bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Tèmi kò wúkọ́. Ó kàn ń dákẹ́ ni. Tí mo bá jókòó sínú rẹ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, tí mo tún yí kọ́kọ́rọ́, á dáhùn bí ọmọ tó sá lọ nígbà ìdánwò tó wá yọjú ní àkókò oúnjẹ.

Mẹkáníìkì tó sún mọ́ ilé wa ní púlọ́ọ̀gì ni. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ìkejì ní pọ́ǹpù epo ni. A pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Ìkẹta kò tilẹ̀ jáde kúrò lábẹ́ ọkọ̀ tó ń ṣe lọ́wọ́ kó tó sọ fún mi pé bátìrì ni. Mo fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé bátìrì tó ti kú kì í sinmi fún ogójì ìṣẹ́jú kó tún wá jí fúnra rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni tíṣà, èmi ni mẹkáníìkì." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo délé, mo mú ìwé ìkọ̀wé olójú ewé ọgọ́ta kan àti rúlà, mo fa ìlà sí i. Mo kọ ọjọ́, àkókò, ibi tí ọkọ̀ ti kú, iye ìṣẹ́jú tó ti rìn, bóyá oòrùn ń ràn tàbí òjò ń rọ̀, àti iye ìṣẹ́jú tó fi sinmi kó tó dáhùn. Àyè kan ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú ìwé. Nítorí pé n kò fẹ́ràn àyè tó ṣófo, mo kọ sókè rẹ̀ pé, "Ohun mìíràn tí mo ṣe fún ọkọ̀." Ibẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí pé mo ra epo, mo fẹ́ táyà, mo fọ ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, mi ò fo ọjọ́ kankan.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti wọlé padà láti ìsinmi, bí a ṣe ń padà láti ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé, ọkọ̀ náà dákú ní Ojúẹlẹ́gba gan-an, ní ibi tí ọ̀nà ti pàdé. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fun fèrè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin wá láti bá wa tì í sí ẹ̀gbẹ́, ni ẹ̀gbọ́n mi bá yọ orí síta, ó ń darí wọn: kí àwọn ti ọwọ́ ọ̀tún má fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ti ọwọ́ òsì, kí ẹni tó wọ bàtà sílípáàsì bọ́ ọ kó má baà ṣubú. Ọ̀kan nínú wọn ní ó dájú pé màmá yìí ti ṣe sójà rí. Òmíràn ní rárá o, tíṣà ni, òun mọ ohùn yẹn.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oòrùn mú. Ogójì ìṣẹ́jú la fi jókòó nínú ọkọ̀ gbígbóná, ẹ̀gbọ́n mi sì mu gbogbo omi tí a ní. Kò ráhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dá a padà sílé, mo rí i pé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ọmọ rẹ̀ obìnrin náà sì rí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà ti pe ọmọ tèmi tó wà ní Ìbàdàn, nítorí pé àwọn méjèèjì jọ dàgbà ni.

Ọmọ mi kò pariwo lórí fóònù. Kì í pariwo. Ó ní, "Màmá, ẹ̀mí yín àti ti Màmá Ìpọ̀nrí ju irin lọ. Mo ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti rí ẹni tó máa rà á."

Mo bi í pé, "Bí ara ọkọ̀ náà bá ti yá ńkọ́, kó o tó dé?"

Ó ní, "Bó bá ti yá, èmi fúnra mi ni màá wà á. Bó bá kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, ó parí nìyẹn."

Ó ní òun á máa fi fóònù pe ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà wá fún mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní wọ ọkọ̀ ẹni tí kò mọ̀, mo sì mọ̀ pé kò sí awakọ̀ tó máa jókòó létí ògiri ilé-ìwé fún wákàtí kan láti gbọ́ méje lọ́nà mẹ́jọ. Tí ọkọ̀ yẹn bá lọ, Ọjọ́bọ̀ wa lọ nìyẹn.

Obìnrin tó ń rán aṣọ fún mi ló júwe mẹkáníìkì kan fún mi ní Pápá Àjàó. Àárọ̀ kùtùkùtù Ọjọ́ Ajé ni mo gbéra, kí oòrùn tó mú. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín ẹni tó ń jó irin pọ̀ àti ẹni tó ń ta fóòmù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, yóò tó bí ẹni àádọ́ta ọdún lé díẹ̀, ó ga, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí abọ́ ìjẹun. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga. Mo rò pé yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò ṣí i. Ìbéèrè ló bi mí.

"Màmá, tó bá fẹ́ kú, ṣé ó máa ń wúkọ́?"

Ọkàn mi balẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo yọ ìwé mi jáde. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbà á, mo sì kíyè sí i. Ó kà á láti ìlà kan dé èkejì, ètè rẹ̀ ń mì, títí tó fi dé ojú ewé tó kẹ́yìn.

"Ta ló kọ èyí?"

Mo ní èmi ni.

"Ká ní gbogbo oníbàárà mi ń ṣe báyìí ni," ó ní, "irun orí mi ò ní tíì funfun."

A fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, a tan éésì kó lè tètè gbóná, a sì jókòó tì í. A sọ̀rọ̀ nípa máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọkọ̀ dákẹ́. Ó mú àkísà kan tó ti rẹ sínú omi, ó dì í mọ́ orí igi, ó sì tì í wọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ojú kò dé. Ó dì í mú síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wá ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ dáhùn. Ohun tó máa ń gba ogójì ìṣẹ́jú, márùn-ún ló gbà.

"Ẹni tó ń dákú rèé," ó wí.

Sẹ́ńsọ̀ kan ló wà níbẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni pé ó dà bí ẹni tó ń lu agogo ní ilé-ìwé. Inú ẹ́ńjìnnì ń yí, sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń ka bó ṣe ń yí, tó sì ń sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ pé àkókò ti tó láti tan iná. Tí ooru bá mú ẹni tó ń lu agogo tó sì dákú, ara àwọn olùkọ́ le, ara àwọn ọmọ le, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa jáde. Àwa ti ń pààrọ̀ olùkọ́ láti ọjọ́ yìí.

Kí a yọ ọ́ wá di wàhálà. Ó wà láàárín ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì àti irin tó pààlà sí ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ sí. Páìpù bò ó láti òkè, páìpù èéfín dí i láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló lè dé ibẹ̀, ọwọ́ mẹkáníìkì yìí sì há ní ọrùn ọwọ́. Ẹni tó ń jó irin gbìyànjú, tirẹ̀ náà há. Ẹni tó ń ta fóòmù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà dán an wò. Ó há níbì kan náà, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí ọwọ́ rẹ̀ yọ.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n tú gbogbo orí ẹ́ńjìnnì náà. Mẹkáníìkì sọ òótọ́ fún mi: àwọn róbà àti páìpù tó wà níbẹ̀ ti gbó, wọ́n á ṣẹ́ bí a bá ti fọwọ́ kàn wọ́n, a ó sì máa wá wọn kiri. Òun kò lè ṣèlérí pé yóò parí kí Sátidé tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun ṣáájú, nítorí pé lọ́jà àwọn ohun èlò ọkọ̀, wọn kì í fi orúkọ ta ọjà. Tí o kò bá mú àpẹẹrẹ èyí tó bàjẹ́ dání, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa kó fún ọ. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó sùn síbẹ̀ kó lè tutù, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa padà sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà dé pẹ̀lú páálí ẹyin kan. Mo ti kọ nọ́ńbà sí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀kan dé ọgbọ̀n, kí bóòtì tí wọ́n bá tú má baà dà pọ̀. Mẹkáníìkì wo páálí náà, ó wo ojú mi, ó sì dúpẹ́. Ó tún ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Ó tún há.

Mo wo ọwọ́ tèmi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé dọ́sítà pátákó ìkọ̀wé tóbi jù fún ọwọ́ mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ o. Kí ni mo máa sọ fún ọmọ yín?"

"Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́."

Ó gbé àpótí wá kí n dúró lé e, ó tẹ́ aṣọ mímọ́ sí ibi tí mo máa fi ara tì. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo ká apá bùbá mi sókè. Ó fi okùn so sípánà kékeré mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, nítorí pé ohun tó bá jábọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì yẹn, ó di ọjọ́ mìíràn. Mo ti ọwọ́ bọ inú òkùnkùn. Ó ń darí mi láti ẹ̀gbẹ́: kí n kọjá róbà ńlá, kí n kan wáyà, kí n má fà á, kí n tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀. Mo kan irin tútù. Mo kan erùpẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo kan orí bóòtì kan tó kéré bí ìka ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ mi kò há.

"Ó ti dé ibẹ̀," mo wí. Ẹni tó ń jó irin pa iná rẹ̀, ó wá dúró tì wá.

Mẹkáníìkì ní kí n yí i sí òsì. Mo fẹ́ yí i, ṣùgbọ́n ohun kan dá mi dúró.

"Òsì ta ni, ọ̀gá? Tèmi tàbí ti bóòtì?"

Ẹni tó ń ta fóòmù bú sẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ara rẹ̀ padà, ó kọjú sí ibi tí orí bóòtì náà kọjú sí, ó ń yí ọwọ́ rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Orí bóòtì náà kọ ẹ̀yìn sí wa. Ẹni tó bá dúró níwájú ọkọ̀, ọ̀tún rẹ̀ ni òsì bóòtì.

"Màmá, ọpẹ́lọpẹ́ yín," ó wí. "Ẹ yí i sí ọ̀tún yín. Tẹ́ ẹ bá yí i sí òsì, ó máa há títí á fi ṣẹ́."

Mo fà á sí ọ̀tún. Kò mira. Mo tún fà á. Ní ìgbà kẹta, ó ké kẹ́, ó sì rọ̀. Àyè tó wà níbẹ̀ kò jẹ́ kí sípánà rìn ju bí ọwọ́ aago ṣe ń rìn ní ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, nítorí náà mo ní láti máa yọ ọ́, kí n tún máa fi í bọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn mi dùn mí. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn ń bá mi kà á sókè, nígbà tí a sì dé mọ́kàndínlógójì, bóòtì náà já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ayọ̀ tí wọ́n yọ̀ ní àgbàlá yẹn, ẹni tó ń kọjá lọ á rò pé a bímọ ni. Mo gbé bóòtì náà sí ojú kìíní nínú páálí ẹyin.

Mẹkáníìkì wo páálí olójú ọgbọ̀n tó gbé bóòtì kan ṣoṣo. "Màmá, ṣé kí n lọ wá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù wá?"

Mo fi epo díẹ̀ sí ìdí sẹ́ńsọ̀ náà, mo rọra ń yí i títí ó fi jáde. Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ gbà á. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ara rẹ̀ ti là gbọọrọ, ìyẹ̀fun funfun kan sì gbẹ sínú ibi tó là náà. Ẹnu wáyà rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ó fi èékánná họ ìyẹ̀fun náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọṣẹ ni," ó wí. "Màmá, ta ló ń fọ ẹ́ńjìnnì yìí?"

Mo kọ́kọ́ fi ìgbéraga dáhùn pé èmi ni. Ó bi mí pé nígbà wo. Mo ní gbogbo Sátidé, bí mo bá ti ọjà dé, n kì í jẹ́ kó pẹ́: mo máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì máa ń fi róbà omi fọ́n ọn títí gbogbo rẹ̀ á fi máa dán. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ ni ohùn mi ń lọ sílẹ̀.

Ó mú ìwé mi, ó ṣí i, ó sì fi ìka ńlá rẹ̀ lé àyè tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Sátidé: "Mo fọ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọṣẹ àti omi." Ó fa ìka náà lọ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Ajé: ọkọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ sí Sátidé mìíràn, ó tún fa ìka sí Ọjọ́ Ajé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ojú ewé fi tán. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi máàkì iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó máàkì tèmi dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Omi tútù lórí irin gbígbóná," ó wí ní ohùn pẹ̀lẹ́. "Ẹ gbé àwo kúrò lórí iná, ẹ rì í sómi, ṣé kò ní sán? Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀, Màmá. Ìmọ́tótó yín ló pọ̀ jù."

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà ju bó ṣe rò lọ. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní gbogbo ọdún pé ooru máa ń mú kí nǹkan fẹ̀, òtútù sì máa ń mú kó sún kì. Mo máa ń ya igo sí ojú pátákó ìkọ̀wé láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Mo kàn kò rántí pé ọkọ̀ mi náà wà nínú kíláàsì ni.

A jọ mú àpẹẹrẹ lọ sọ́jà. Ẹni tó ń tà á gbé ọ̀kan jáde, ó búra pé ìbejì ni wọ́n. Mo yọ rúlà kúrò nínú báàgì mi. Tirẹ̀ kúrú díẹ̀. Ó wo rúlà, ó wò mí, ó ní, "Tíṣà ni yín, àbí?" Ó sì wọlé lọ mú èyí tó bá a mu jáde láìjiyàn. Ní Ọjọ́rú, mo tún dúró lé orí àpótí. Ọwọ́ mi ti mọ̀nà. Wákàtí méjì ni ọkọ̀ fi ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kò sì dákẹ́ títí a fi pa á fúnra wa.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sábẹ́ igi fúrúùtù, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Ìwọ tí o máa ń dá àwọn ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì nítorí ẹsẹ̀ ẹlẹ́rùpẹ̀," ó wí. "Àbúrò mi, o fọ ohun gbogbo tán nílé ayé, ó wá ku ọpọlọ ọkọ̀." Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ṣé ọmọ mi ṣì ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ní ó ń bọ̀.

Ó dé lóòótọ́, nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ sì wà nínú fóònù rẹ̀. Mo kó kọ́kọ́rọ́ fún un, mo sì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gba Àgùdà, ó gba Ojúẹlẹ́gba, ó yà sí Yábàá, ó gba Muṣin yí padà, éésì ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń wá ibi tí ọkọ̀ ti máa gbóná ni. Ó ń wo abẹ́rẹ́ dáṣíbọọ̀dù, èmi ń wo ojú rẹ̀. Nígbà tí a tún kọjá ní Ojúẹlẹ́gba, ó rọra dúró ní ibi tí wọ́n ti tì wá lọ́jọ́sí, bí ẹni tó ń dẹ pańpẹ́. Ọkọ̀ kò dákẹ́. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ la fi rìn.

A parí rẹ̀ sí Ìpọ̀nrí. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá ti ara, ó ti wọṣọ bí ẹni tó ń lọ sí òde, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́bọ̀ kọ́ ni. Òun ló kọ́ ọmọ mi ní kíláàsì kẹta. Ọmọ mi bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìwọ ni mo gbọ́ pé o fẹ́ ta ọkọ̀ mi?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

Ọmọ mi wo ọ̀pá náà, ó wo ìjókòó iwájú tí mo ti tì sẹ́yìn, ó sì wò mí. Ohun tó rí ní ojú àwa méjèèjì, òun ló mọ̀ ọ́n.

"Rárá, Mà," ó wí láti ilẹ̀. "Wọ́n ṣì mí gbọ́ ni."

"Dìde. Méje lọ́nà mẹ́jọ?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, Mà."

Ẹ̀gbọ́n mi ní ó káre, kó wá ṣí ilẹ̀kùn fún òun.

Nígbà tí a padà dé Àgùdà, ọmọ mi ka ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò bá mi wí. Ó kàn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ká róbà omi mi jọ, ó fi okùn dì í, ó sì gbé e kọ́ èjìká. Ìbàdàn ló gbé e lọ. Ó wá láti wa ọkọ̀ lọ, róbà omi ló gbé wọ bọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà, àkísà tó rin díẹ̀ ni mo fi ń nu ojú ẹ́ńjìnnì, àárọ̀ kí n tó tan iná sí i ni mo sì ń ṣe é. Kò dán bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣì ń kọsẹ̀ níbi méje lọ́nà mẹ́jọ, a sì ṣì ń gbọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rín nìkan lẹ máa mú lọ níbẹ̀. Ẹ má da omi tútù sí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ooru dé. Bí nǹkan yín bá ń ṣe ségesège, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe é kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni méfò lé e lórí. Bí ẹ bá sì ń fa ìlà sójú ìwé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè kan sílẹ̀ fún ohun tí ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe.